Ojú Ọjọ́ àti Takisí Òfurufú láàárín Òdogbolú àti Èkó

Takisí òfurufú ni ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èrò bíi méjì sí mẹ́rin, tó ń gbéra sókè ṣánṣán láìkọ́kọ́ sáré lórí ilẹ̀, tó sì ń fò láti àdúgbò kan sí òmíràn nínú ìlú ńlá, tàbí láti ìlú kan sí ìkejì tí kò jìnnà sí i. Orúkọ rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ ojú títì, àmọ́ títì tirẹ̀ kò ní ọ̀dà. Bàálù ńlá tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù a máa gòkè tó 10,000 mítà. Kí àwọn èrò tó tú bẹ́líìtì ìjókòó wọn, ó ti fi òjò àti ìkùukùu sílẹ̀ nísàlẹ̀, oòrùn ló kù tó ń ràn lókè. Takisí òfurufú kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 300 sí 600 mítà sókè ilẹ̀ ni ìrìn rẹ̀, nítorí pé ibi tó ń lọ kò jìnnà, àti nítorí pé gígòkè ń jẹ agbára bátìrì. Ibi tí kùrukùru ń sùn sí, tí òjò ń gbà kọjá, tí atẹ́gùn ń kọlu ilé gíga tó sì ń yí po, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà rẹ̀. Bàálù ńlá a máa la inú ojú ọjọ́ kọjá ni. Takisí òfurufú ní tirẹ̀, inú ojú ọjọ́ ló ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn dé òpin.

Ọ̀nà tó wà láàárín Òdogbolú ní Ìjẹ̀bú àti Èkó tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Òdogbolú, kò ní tó 60 kìlómítà kó tó dé Ìkẹjà. Bó bá jẹ́ Victoria Island ló ń lọ, yóò tó bíi 60. Ọ̀nà ilẹ̀ tó gba Ṣágámù bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹni tó bá sì ti jí ní agogo mẹ́rin òru rí nítorí kó lè tètè dé ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó kò nílò àlàyé lórí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọkọ̀ tó ń fi 200 kìlómítà sáré ní wákàtí kan yóò parí ìrìn 60 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú 18. Orí ìwé nìyẹn. Atẹ́gùn kò tíì fẹ́, òjò kò tíì ṣú.

Kò tíì sí takisí òfurufú tó ń ná ọ̀nà yìí. Hẹlikọ́pítà ni Nàìjíríà mọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ epo ló sì ń lò ó jù láti kó òṣìṣẹ́ lọ sí orí òkun, pẹ̀lú àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú tó ń háyà rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní takisí òfurufú yàtọ̀ sí hẹlikọ́pítà ní ti pé iná mànàmáná inú bátìrì ló ń gbé e, kì í ṣe epo, àti pé abẹ̀bẹ̀ kéékèèké púpọ̀ ló ní dípò abẹ̀bẹ̀ ńlá kan ṣoṣo. Èyí tí ilé iṣẹ́ Joby ṣe ní Amẹ́ríkà ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà, ó ń gbé awakọ̀ kan àti èrò mẹ́rin, ó sì lè sáré tó nǹkan bíi 320 kìlómítà ní wákàtí kan. EH216-S tí ilé iṣẹ́ EHang ṣe ní Ṣáínà kò ní awakọ̀ rárá. Èrò méjì ló ń gbé, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ìjọba Ṣáínà fún un ní ìwé àṣẹ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, nígbà tó sì di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ́ ọdún 2025, wọ́n fi í hàn nínú afẹ́fẹ́ ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà. Nítorí náà ọkọ̀ yìí ti dé Áfíríkà, bí kò tilẹ̀ tíì máa gba owó lọ́wọ́ èrò ní Ìjẹ̀bú. Ohun tí ojú ọjọ́ lè fi ṣe é kì í ṣe àdììtú, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, hẹlikọ́pítà, ti fara kó púpọ̀ nínú rẹ̀.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ń bu ìṣẹ́jú 18 yẹn jẹ. Ọkọ̀ òfurufú ń rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń rìn nínú odò: bí omi bá ń ṣàn lọ síbi tó ń lọ, ó bá a sáré; bí omi bá ń ṣàn bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò òjò ní ilẹ̀ Yorùbá, láti òkun, ìyẹn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀ ti ń fẹ́ wọ ìlú. Èkó náà sì rèé, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Òdogbolú ló wà. Ẹni tó bá gbéra ní Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó ń kọjú sí atẹ́gùn. Ẹni tó ń padà bọ̀ ni atẹ́gùn ń tì lẹ́yìn. Bí atẹ́gùn náà bá ń fi 30 kìlómítà fẹ́ ní wákàtí kan, àlọ yóò di ìṣẹ́jú 21, àbọ̀ yóò sì dín sí bíi 16. Bó bá le sí i tó di 50, àlọ di ìṣẹ́jú 24.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́fà dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta rí nínú ọkọ̀ ní Bẹ́gà ní Èkó. Lójú bátìrì, ó pọ̀. Òfin àgbáyé fún hẹlikọ́pítà tó ń fi ojú ríran fò ni pé, lẹ́yìn epo tó máa gbé e dé ibi tó ń lọ, kó tún ní èyí tó máa tó o fún 20 ìṣẹ́jú sí i nínú àgbá. Bí wọ́n bá fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lé takisí oníbátìrì, agbára tó máa kó pamọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó máa fi rin ìrìn náà gan-an. Bátìrì sì wúwo. Epo tí hẹlikọ́pítà bá jó ti kúrò nínú ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ á máa fúyẹ́ bó ṣe ń lọ. Bátìrì tó ti tán kò fi gíráàmù kan dín kù. Èyí tó tún le jù ni pé dídúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, bí ọkọ̀ bá fẹ́ bà, ló ń jẹ agbára jù lọ nínú gbogbo ìrìn. Tí wọ́n bá sọ fún awakọ̀ bàálù ńlá ní Ìkẹjà pé kó dúró ná kí òjò kọjá, ó lè yí po fún ìdajì wákàtí. Takisí oníbátìrì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kó tó kúrò ní Òdogbolú ló ti gbọ́dọ̀ mọ bí Èkó ṣe rí.

Bí Èkó àti Ìjẹ̀bú ṣe máa ń rí ní òwúrọ̀ àkókò òjò ni ọ̀ràn tó wúwo jù lórí ọ̀nà yìí, bí kò tilẹ̀ ní ariwo. Àrá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Ohun tí yóò máa dá takisí òfurufú dúró jù lọ ni ìkùukùu pẹlẹbẹ tí kì í rọ̀ ju ọ̀rinrin lọ, tí ẹni tó ń lọ sí oko ní àárọ̀ kì í tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta láti mọ ìdí ìkùukùu yìí: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Méjì nínú ibi mẹ́ta náà jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ bá Ìjẹ̀bú mu. Bí oòrùn bá wọ̀, tí ilẹ̀ kò gbóná mọ́, afẹ́fẹ́ tútù láti ojú òkun á máa wọ inú ilẹ̀. Ní òru, atẹ́gùn kan á tún yára sí i ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sókè, nígbà tí ewé igi nísàlẹ̀ kò mì rárá. Afẹ́fẹ́ yìí tutù, ó sì kún fún omi. Nígbà tí òru bá jìn, omi inú rẹ̀ á dì di ìkùukùu. Ìsàlẹ̀ ìkùukùu náà kì í ju ọgọ́rùn-ún mítà bíi mélòó kan lọ sí ilẹ̀. Á dúró bẹ́ẹ̀ bo ojú ọ̀run láti etí òkun wọ inú igbó lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí oòrùn òwúrọ̀ kò tètè rí àyè gbá a kúrò. Nígbà mìíràn ó di bí agogo mẹ́wàá kó tó máa fọ́. Nígbà mìíràn ó di ọ̀sán gangan.

Òfin fífi ojú ríran fò kò fi àyè sílẹ̀ fún irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú òfurufú tí àwọn adarí ọkọ̀ òfurufú ń ṣàkóso, irú èyí tó yí Èkó ká, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè rí tó kìlómítà márùn-ún níwájú, kó sì jìnnà sí ìkùukùu ní 300 mítà sókè tàbí sísàlẹ̀ àti 1,500 mítà ní ẹ̀gbẹ́, àfi bí wọ́n bá fún un ní àṣẹ pàtàkì. Tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu bá wà ní 300 mítà, tí òfin sì ní kí ọkọ̀ fi 300 mítà jìnnà sí i, ibi tó kù fún ọkọ̀ náà ni ilẹ̀.

Èyí ló mú kí ìṣirò takisí òfurufú Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ti ìlú aṣálẹ̀ bíi Dùbáì. Wákàtí tí ènìyàn fẹ́ jáde jù, láti agogo mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wákàtí tí òrùlé ojú ọ̀run wálẹ̀ jù. Oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún ló burú jù fún èyí, bí òjò tilẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Àwọn èèyàn á ní ojú ọjọ́ dára torí pé òjò kò rọ̀. Awakọ̀ á wo òkè, á sì jókòó.

Ọ̀nà kan wà láti fò nínú ìkùukùu, ìyẹn ni fífi ẹ̀rọ ríran dípò ojú, bí àwọn hẹlikọ́pítà ilé iṣẹ́ epo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ náà, awakọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àti ohun èlò ní ibi tí wọ́n máa bà sí. Pápákọ̀ òfurufú ní irú rẹ̀. Òrùlé ilé ìtajà kò ní.

Awakọ̀ tó bá fi ojú lásán wọ inú ìkùukùu wà nínú ewu tí kò ṣeé fi ọgbọ́n orí borí. Omi kan wà nínú etí ènìyàn tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá ara dúró tàbí ó fì. Lórí ilẹ̀, ojú ló ń bá a ṣàtúnṣe. Nínú ìkùukùu, ojú kò rí nǹkan kan fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ń fì díẹ̀díẹ̀, omi etí yóò gbà pé ó dúró ṣinṣin, awakọ̀ tó bá sì tẹ̀ lé ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un yóò máa darí ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀, á máa rò pé òun ń gòkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí ní Calabasas, Kalifóníà, ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2020, nígbà tí hẹlikọ́pítà tó gbé Kobe Bryant, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, kọlu òkè nínú ìkùukùu, tí gbogbo ènìyàn mẹ́sàn-án inú rẹ̀ sì kú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ dé ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé ọdún 2024, hẹlikọ́pítà kan gbéra ní Palm Springs ní Kalifóníà, ó ń lọ sí Boulder City ní Nevada. Ó já sí aṣálẹ̀ Mojave, nítòsí Halloran Springs. Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ni báńkì Access, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀. Abímbọ́lá Ògúnbánjọ náà wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣe alága ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà, ọmọ Olóyè Chris Ògúnbánjọ ti Ẹ̀rúnwọ̀n ní Ìjẹ̀bú. Àwọn mẹ́rin yìí àti awakọ̀ méjì ló kú. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá ní márosẹ̀ nítòsí sọ pé òjò tó dàpọ̀ mọ́ yìnyín ń rọ̀. Àjọ NTSB tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé awakọ̀ ń fi ojú ríran fò, kò sì yí padà nígbà tó wọ ibi tí ojú kò ti ríran mọ́, títí tí kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Nínú ìjàǹbá méjèèjì, kì í ṣe ìjì ló gbá ọkọ̀ wálẹ̀.

Ti ìjì le ní tirẹ̀, ó sì ní àsìkò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò, láti oṣù Ẹrẹ́nà sí Èbìbí, àti ní ìparí rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ́ àti Ọ̀wàrà, òjò ńlá tó ní àrá kì í wá láti òkun. Láti ìlà-oòrùn ló ń bọ̀, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ògiri, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ní Ìjẹ̀bú fi ń wo ìhà Oǹdó àti Òrè bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n sá láfún sóòrùn. Ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ohun tó wà láàárín Òdogbolú àti Ìkẹjà kò fi púpọ̀ dín ní 50 kìlómítà. Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń sáré kó aṣọ wọlé ní Òdogbolú, tí ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ òjijì, oòrùn lè ṣì máa ràn ní Ìkẹjà. Ó ṣì ku wákàtí kan kí ìjì náà tó débẹ̀.

Ìyàtọ̀ wákàtí kan yìí lè ṣe takisí òfurufú lóore, ó sì lè ṣe é níbi. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Òdogbolú kí ìjì tó dé yóò sá a dànù, nítorí 200 kìlómítà ju 50 lọ. Yóò bà ní Èkó ní ìṣẹ́jú 20, ìjì yóò sì bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi 40. Ibẹ̀ ni yóò wà títí òjò yóò fi dá. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, torí inú ìjì ló ń lọ, ojú ọ̀run tó sì mọ́ lórí Ọ̀sà Èkó kò sọ nǹkan kan fún un nípa ohun tó wà lẹ́yìn Ṣágámù.

Kì í ṣe omi òjò ló ń ba ọkọ̀ jẹ́. Nínú ìjì, òjò tó ń rọ̀ a máa tutù, á sì fa afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá balẹ̀, á fọ́n ká bí omi tí wọ́n dà láti inú korobá sórí sìmẹ́ńtì. Ọkọ̀ tó fẹ́ bà yóò kọ́kọ́ bá atẹ́gùn pàdé níwájú, á gbé e sókè, awakọ̀ á dín agbára kù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, atẹ́gùn kan náà yóò ti ẹ̀yìn fẹ́, á fa ọkọ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ kò sì jìnnà mọ́. Bàálù ADC tó gbéra ní Àbújá lọ sí Sókótó ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006 pàdé irú atẹ́gùn yìí kété tó kúrò nílẹ̀; ènìyàn 96 nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Ohun tí ìwádìí ìjàǹbá náà tẹnu mọ́ ni pé awakọ̀ gbéra nígbà tí ojú ọjọ́ ti burú lójú rẹ̀. Boeing 737 lèyí, ọkọ̀ tó wúwo tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ Joby kò wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀.

Àṣà tí wọ́n gbà kọ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n fi ó kéré tán 32 kìlómítà jìnnà sí ìjì tó le. Ìjì kan ṣoṣo tó bá jókòó sí agbedeméjì Òdogbolú àti Èkó ti gba ọ̀nà náà tán pátápátá, nítorí 32 kìlómítà sí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ju gbogbo 60 kìlómítà náà lọ. Lórí ọ̀nà tó gùn, awakọ̀ lè yà. Lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí, ìjì kì í fi ibi yíyà sílẹ̀.

Ti mọ̀nàmọ́ná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irin lásán ni wọ́n fi ń ṣe bàálù àtijọ́, iná á gba ara rẹ̀ kọjá lọ. Ara takisí tuntun jẹ́ okùn kábọ́ọ̀nù tí iná kì í tètè là kọjá, nítorí náà wọ́n ní láti tẹ́ àwọ̀n bàbà tín-ín-rín sí i lára.

Bí òjò bá lọ tán, ọyẹ́ a gbàpò rẹ̀. Láti oṣù Bélú sí oṣù Èrèlé, atẹ́gùn àríwá máa ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní Ṣáàdì, wá bo gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjẹ̀bú kì í rí i tó Kánò, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé, oòrùn á dà bí àwo funfun, òpó iná tó wà lẹ́yìn ilé kejì á di òjìji. Ní etí òkun, eruku yìí tún ń dàpọ̀ mọ́ ìrì àárọ̀, ìran á sì kúrú sí i. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, àwọn bàálù ilẹ̀ òkèèrè tó ń bọ̀ ní Èkó yà lọ sí Accra nítorí pé ojú kò ríran ní Ìkẹjà, ẹ̀rọ tó yẹ kó darí wọn wálẹ̀ kò sì tíì ṣeé lò. Bàálù ńlá rí Accra yà sí. Takisí oníbátìrì kò lè dé Accra.

Eruku ilẹ̀ náà tún ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 2019, hẹlikọ́pítà tó gbé igbákejì ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ní Rẹ́mọ, fẹ́ bà ní Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ìgbà ọyẹ́ ni, ilẹ̀ ti gbẹ, kò sì sí ohun tó di eruku mú níbi tí wọ́n fẹ́ bà sí. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ru eruku náà sókè, eruku tún padà gba orí abẹ̀bẹ̀ wálẹ̀, ó yí ọkọ̀ ká títí awakọ̀ kò fi rí ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Ibi tí takisí òfurufú bá máa bà sí ní Òdogbolú gbọ́dọ̀ jẹ́ kọnkéré tàbí koríko tó gbó dáadáa. Pápá ìṣeré ilé ìwé tí ilẹ̀ pupa ti yọ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ kò dára tó, bó ti wù kó fẹ̀ tó.

Ooru kò ní ìtàn bẹ́ẹ̀, ìṣirò nìkan ló ní. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́, abẹ̀bẹ̀ kò sì rí i dì mú dáadáa. Ní ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó ti máa ń rí ní ọ̀sán oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ fi bíi ìdá mẹ́fà ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti ìwọ̀n 15 tí wọ́n fi ń ṣírò agbára ọkọ̀ lọ. Ọ̀rinrin tún dín in kù díẹ̀ sí i, nítorí pé, bó tilẹ̀ ṣe ènìyàn ní kàyéfì, oruku omi fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ. Ọkọ̀ elérò mẹ́rin lè ní láti gbé mẹ́ta ní agogo méjì ọ̀sán, tàbí kó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀. Bátìrì pẹ̀lú kò fẹ́ ooru. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná, bí wọ́n ṣe ń yára gba iná sí i náà ló ń gbóná, oòrùn tún wà lórí rẹ̀. Wọn á máa fi ẹ̀rọ tù ú kó tó lè gbéra lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá dé àárín Èkó, ilé gíga ni yóò bá. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wẹ́rẹ́ lórí omi yóò kọlu àwọn ilé tó wà ní Marina àti Victoria Island, á pín sí méjì, á yí po lẹ́yìn wọn, á sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àlàfo àárín ilé méjì. Ẹni tó bá ti rìn kọjá níbẹ̀ rí tí fìlà rẹ̀ sì fò mọ irú atẹ́gùn náà. Orí òrùlé ni ó le jù, orí òrùlé náà sì ni ọ̀pọ̀ àwòrán takisí òfurufú fi ibùdókọ̀ sí.

Kí awakọ̀ tó lè mọ̀ pé ọ̀nà ṣí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wò ó fún un. Àjọ NiMet, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ibùdó ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n sì ní òmíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí Òdogbolú rárá. Pápákọ̀ òfurufú Gateway tí ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn tún sún mọ́ ọ̀nà náà. Ohun tí ibùdó wọ̀nyí ń sọ ni bí ojú ọjọ́ ṣe rí lórí wọn gan-an: atẹ́gùn, ìran, gíga ìsàlẹ̀ ìkùukùu, ìwọ̀n ooru. Fún bàálù ńlá ìyẹn tó, torí ibi tó ti gbéra àti ibi tó máa bà ló kàn án jù. Takisí òfurufú nílò láti mọ bó ṣe rí lórí Ṣágámù, lórí Ìkòròdú, lórí ọ̀sà, ní 300 mítà, ní ìṣẹ́jú yìí. Ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sókè láti wọn ìsàlẹ̀ ìkùukùu wà, kámẹ́rà tó ń wo ojú ọ̀run kò sì wọ́n. Àárín ibùdó méjì ni wọn kò tíì sí. Nínú ìwádìí tí NASA gbé fún àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà lórí takisí òfurufú ní ìlú ńlá mẹ́wàá, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ojú ọjọ́ wà lára ìdènà tí wọ́n tọ́ka sí. Ìlú tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́ ní àìmọye ibi sì ni àwọn yẹn.

Ìgbà tí èrò pọ̀ jù kì í sábà bá ìgbà tí ojú ọjọ́ dára mu. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, ni ọjọ́ tí ọ̀nà Èkó sí Ìjẹ̀bú máa ń kún jù, tí olówó púpọ̀ á sì fẹ́ fò. Ní ọdún 2024 àti 2025, oṣù Òkúdù ló bọ́ sí, àárín òjò gan-an. Nítorí pé Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, nígbà tó bá fi di nǹkan bí ọdún 2035, oṣù Èrèlé ni yóò wà, eruku ọyẹ́ á sì ti gbapò ìkùukùu.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí kàlẹ́ńdà, ọ̀nà Òdogbolú sí Èkó yóò ní àkókò tirẹ̀ tí kò bá ti iṣẹ́ ọ́fíìsì mu. Ní àárín òjò, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ yóò máa ṣí lọ́pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Igbe àti Ọ̀wàrà, yóò tètè ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè tì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú ọyẹ́, yóò yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ná ọ̀nà náà ní láti wá ibi ìsọ̀kalẹ̀ pàjáwìrì sí àárín ọ̀nà, bíi Ṣágámù àti Ìkòròdú, níbi tí ọkọ̀ lè bà sí bí iwájú bá dí, kó sì ní bọ́ọ̀sì tó ń dúró de èrò níbẹ̀. Ẹni tó san owó òfurufú lè bá ara rẹ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú lábẹ́ òjò, ó sì yẹ kí ìwé àdéhùn ìrìnnà ti sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tó máa san owó ọkọ̀ tó kù.